Perth sí Exmouth nínú campervan: ẹ ṣírò omi, bátìrì àti ojúmọmọ kí ẹ tó ṣírò kìlómítà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí Ọsirélíà. A ó gba campervan, ọkọ̀ tí èèyàn ń sùn, tó sì ń dáná nínú rẹ̀, ní Perth, a ó máa gba etí òkun lọ sókè títí dé Ningaloo, àpáta iyùn tó wà lẹ́bàá ìlú Exmouth, a ó sì dá a padà sí Perth. Òru 14 la ní nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kò sí èèyàn lójú ọ̀nà, kò sì sí omi. Irú ọkọ̀ wo ni ká gbà? Báwo ni ká ṣe pín ọjọ́ wa? Kí ló sábà máa ń bá àwọn èèyàn lójijì níbẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Òru 14 tó. Láti Perth dé Exmouth jẹ́ nǹkan bí 1,250 kìlómítà, títì ọ̀dà ni látòkèdélẹ̀. Bí ẹ bá fi yíyà sí Kalbarri, Shark Bay àti Cape Range kún un, àlọ àti àbọ̀ yín á tó 3,250. Ìyẹn ò le. Ibi tó ti ń le ni pé kìlómítà nìkan lọ̀pọ̀ ń ṣírò. Nǹkan mẹ́ta ló ń pinnu ibi tí ẹ lè sùn àti iye òru tí ẹ lè lò níbẹ̀: omi inú táńkì, iná inú bátìrì, àti wákàtí tí ilẹ̀ fi mọ́. Oòrùn tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù kò tó èyíkéyìí nínú wọn, pàápàá ní oṣù kẹfà.

Òpin ìrìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ètò, kì í ṣe Perth. Cape Range National Park, ní apá ìwọ̀-oòrùn Exmouth, ni ibi tí ẹ ti lè sùn sí etí òkun kí ẹ jí sójú omi Ningaloo. Àwọn ibùdó tó wà níbẹ̀ kéré: Osprey Bay, Kurrajong, Mesa, Tulki Beach, North Mandu àti mélòó kan mìíràn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ tó ń bójú tó ọgbà náà ni wọ́n ti ń gba àyè, ọjọ́ 180 ṣáájú ni ilẹ̀kùn sì máa ń ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ sùn níbẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà, nǹkan bí ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ló ti yẹ kó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Osprey Bay ni gbogbo ayé ń dù, ọjọ́ tó bá ṣí náà ló sì máa ń tán. Tulki àti North Mandu ò burú rárá. Òkun kan náà ni. Ẹ gba òru mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, kí ẹ wá to ọjọ́ yòókù yí i ká. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú oṣù keje, nítorí ìsinmi ilé ìwé ìpínlẹ̀ náà máa ń bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn, àyè á sì wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá kàn. Oríṣi méjì ni wọ́n sábà máa ń fún tọkọtaya: bọ́ọ̀sì Hiace tí wọ́n gbé òrùlé rẹ̀ sókè, tó ní bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti ibi ìdáná, àti èyí tó tóbi jù ú lọ, irú Sprinter, tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ti Hiace ni mo máa ní kí ẹ gbà. Ilé ìwẹ̀ inú ọkọ̀ á mu omi tí ẹ ò ní, àwọn ibùdó Cape Range sì ní ṣaláńgá tiwọn. Ẹ má sì sanwó fún ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wa ilẹ̀. Gbogbo ohun tí mo dárúkọ níhìn-ín, títì ọ̀dà ló dé ibẹ̀ tàbí súnmọ́ ọn, iléeṣẹ́ tó yá yín lọ́kọ̀ kò sì ní gbà kí ẹ wọ inú iyanrìn lọ́nàkọnà.

Owó tí ẹ bá rí fi pamọ́ níbẹ̀, ẹ fi sórí iná. Bátìrì kejì tó wọ́pọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì yìí, èyí tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì, jẹ́ AGM (irú bátìrì olójé kan) 100 Ah; Ah, ìyẹn ampere-wákàtí, ni òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì ń gbà. Ìdajì rẹ̀ péré ló ṣeé lò, torí bí fólítéèjì bá lọ sílẹ̀ jù, fíríìjì á pa ara rẹ̀, bátìrì tí wọ́n bá sì ń fà gbẹ lemọ́lemọ́ kì í pẹ́ kú. Fíríìjì kékeré tó ní compressor ń jẹ 30 sí 40 Ah láàárín wákàtí 24. Ẹ fi gílóòbù, fóònù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi sí síńkì kún un, ó ti di nǹkan bí 45. Ìyẹn ni pé òru kan, ó tán. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹran á ti máa rọ̀, ẹ ó sì rò pé fíríìjì ló bàjẹ́. Wíwakọ̀ láti ibùdó lọ sí ibi tí ẹ ti fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ò lè gbà yín: bí ẹ́ńjìnnì bá ń fi 25 A sínú bátìrì, ogójì ìṣẹ́jú àlọ àti àbọ̀ kò ju 17 Ah lọ. Pánẹ́ẹ̀lì sólà 160 W lórí òrùlé á dá nǹkan bí 40 padà lójúmọ́ tí kùrukùru ò bá sí, òun ni yóò sì mú òru mẹ́ta yín ṣeé ṣe. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa bi iléeṣẹ́ náà ni pé: bátìrì wo ni, Ah mélòó, sólà mélòó W? Bí wọ́n bá dáhùn pé "ó máa ń tó àwọn èèyàn," ẹ lọ síbòmíràn. Bátìrì lithium 100 Ah sàn ju AGM lọ fíìfíì, torí ẹ lè lò tó 80 nínú rẹ̀.

Omi. Èèyàn méjì tó mọ omi lò á lo nǹkan bí lítà 20 lójúmọ́: 8 fún mímu, 4 fún sísè àti tíì, 4 fún abọ́, 4 fún ṣíṣan iyọ̀ òkun kúrò lára. Òru mẹ́ta ní Cape Range, bí ẹ bá ka ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ dé àti àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, á gba 70. Kò sí omi mímu kankan ní àwọn ibùdó yẹn, kò sí iná, kò sí ilé ìwẹ̀. Táńkì bọ́ọ̀sì kékeré sábà máa ń gba nǹkan bí 50. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì lítà 10 mẹ́ta ní Perth. Méjì á dí àlàfo náà, ìkẹta jẹ́ ti pàjáwìrì tí ẹ kò ní ṣí àyàfi bí ọkọ̀ bá dákú sójú ọ̀nà. Ẹ má ra lítà 25. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e dà sínú táńkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ̀yìn yín á sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Abọ́ tó bá lépo, tíṣù ni kó kọ́kọ́ kàn án kí omi tó kàn án.

Ibi tí ẹ ti pọn omi náà ṣe kókó. Omi ìlú ní Geraldton, Carnarvon àti Exmouth dára. Ní Denham, omi inú ilẹ̀ tó níyọ̀ ni wọ́n ń yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ kí ó tó ṣeé mu, nítorí náà wọn kì í fi ṣòfò. Coral Bay ló máa ń mú àlejò: ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ lè jẹ́ omi inú ilẹ̀ tó níyọ̀, tó wà fún fífọ nǹkan. Bí ẹ bá ti rọ́bà bọ ẹnu táńkì láìwádìí, tíì ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e á jẹ́ tíì oníyọ̀. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Kí ẹ tó wọ Cape Range, ẹ sun òru kan ní Exmouth, kí ẹ kún táńkì dé ẹnu, kí ẹ sì so bátìrì mọ́ iná ìlú di àárọ̀.

Epo kò le bí ẹ bá ní òfin kan: ẹ má ṣe kọjá ilé epo kankan bí géèjì bá ti wà ní ìdajì. Láti Northampton dé Carnarvon jẹ́ nǹkan bí 430 kìlómítà, roadhouse (ilé epo ojú ọ̀nà) mẹ́ta péré ló sì wà láàárín wọn: Billabong, Overlander àti Wooramel. Lẹ́yìn Carnarvon, Minilya ló kàn, lẹ́yìn náà Coral Bay, tó ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì tó ń jẹ lítà 12 fún 100 kìlómítà, tí táńkì rẹ̀ gba 70, á rìn nǹkan bí 580 lórí ìwé. Àmọ́ afẹ́fẹ́ etí òkun yìí, láti gúúsù ló sábà ń fẹ́. Ẹ ó rí ipa rẹ̀ ní Greenough, kí ẹ tó dé Geraldton, níbi tí àwọn igi ti tẹ̀ dórí ilẹ̀, tí gbogbo wọn kọjú sí àríwá. Afẹ́fẹ́ kan náà á máa tì yín lẹ́yìn lálọ. Lábọ̀, á máa gba yín láyà, òrùlé gíga ọkọ̀ yín á sì gbà á mọ́ra. Jíjẹ epo lè di lítà 15, 580 á sì di 465. Àwọn tí epo ń tán mọ́ lọ́wọ́, àbọ̀ ló sábà máa ń jẹ́, torí wọ́n fi bí ọkọ̀ ṣe jẹ epo lálọ ṣírò. Òfin gbà yín láyè láti sáré 110. Ẹ fi 95 sí 100 rìn. Gbogbo ìrìn náà á gba lítà 400 sí 490.

Ojúmọmọ wá. Oṣù kẹfà ni ìgbà òtútù wọn. Ní Carnarvon, nǹkan bí aago méje kọjá díẹ̀ ni oòrùn ń yọ, kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù ó ti wọ̀. Ní Perth ó tún ń yá wọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́jọ sí mẹ́rin ààbọ̀ ni kí ẹ kà sí àkókò ìwakọ̀. Kangaroo, emu, ewúrẹ́ àti màlúù ń jẹ̀ létí títì, ọgbà ò sì dá wọn dúró. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kangaroo máa ń jáde. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn ọkọ̀ yíyá ló kọ ọ́ pé inṣọ́ránsì ò bo yín bí ẹ bá ń wakọ̀ lóde ìlú lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀. Bí ẹranko bá já lu títì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ di sítíárì mú gan-an. Ẹ má já a. Gíga òrùlé yìí mú kí ìwúwo ọkọ̀ wà lókè, bí ẹ bá sì já sítíárì wọ òkúta wẹ́wẹ́ etí títì lórí eré 100, ó ń dojú dé nìyẹn. Inṣọ́ránsì púpọ̀ ni kò sì sanwó ọkọ̀ tó dá nìkan dojú dé, bẹ́ẹ̀ ni òrùlé àti abẹ́ ọkọ̀. Ẹ ka gbólóhùn mẹ́rin yìí nínú àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i: wíwakọ̀ lóru, ọ̀nà tí kò lọ́dà, ọkọ̀ tó dojú dé, àti bí àyè bá wà tí wọn ò fẹ́ kí ẹ dé. Ti ọ̀nà tí kò lọ́dà, ẹ béèrè bí wọ́n bá gba ọ̀nà kúkúrú tó wọ ibùdó ìsinmi tí ìjọba mọ̀ sí, torí ọ̀nà tó ya wọ àwọn ibùdó Cape Range jẹ́ irú rẹ̀. Kí ẹ gbà á ní kíkọ.

Ẹ ó pàdé road train, tirélà tó fa tirélà mìíràn lẹ́yìn, tó lè gùn tó mítà 36.5, tí àwọn kan sì tó 53.5. Bó bá ń bọ̀ níwájú, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín, á tún fà yín. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárì, ẹ súnmọ́ òsì díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá a, ẹ wá ibi tí ojú yín ti ríran ju kìlómítà kan lọ. Bí kò bá sí irú ibẹ̀, ẹ yà sí ibi ìsinmi, ẹ mu tíì. Ẹ̀yin ará Leeds ti mọ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ lápá òsì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ tọ̀ yín wá láti Èkó kó lè bá yín wà á, kó rántí pé Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972.

Bí mo ṣe máa pín òru 14 náà nìyí. Ẹ sun òru kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Perth kí ẹ tó gba ọkọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ tí kò mọ̀. Òru kìíní ní Cervantes, 200 kìlómítà, kí ẹ lè rí àwọn òpó òkúta Pinnacles nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Òru kejì àti ìkẹta ní Kalbarri: láti Northampton ẹ gba ọ̀nà Port Gregory, kí ẹ rí Hutt Lagoon, ọ̀sà tí èwe omi sọ di aláwọ̀ osùn, ọ̀sán gangan ló máa ń pọ́n jù. Òru kẹrin ní Carnarvon, nǹkan bí 450 kìlómítà. Ọjọ́ tó gùn jù nìyẹn, ẹ tètè gbéra. Ẹ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì níbẹ̀, inú oko ìlú náà gan-an ló ti ń wá. Òru karùn-ún àti ìkẹfà ní Coral Bay, ìkeje ní Exmouth, ìkẹjọ sí ìkẹwàá ní Cape Range. Àbọ̀ ńkọ́? Carnarvon lẹ́ẹ̀kan sí i, òru méjì ní Denham fún Shark Bay, kí ẹ wá fi òru ìkẹrìnlá sùn ní Geraldton. Mo fi Shark Bay sí àbọ̀ nítorí pé, bí nǹkan bá yí ètò yín padà, òun lẹ lè gé kúrò láìpàdánù owó púpọ̀. Bí ìlera tàbí òjò bá dá yín dúró ní Carnarvon lálọ, ẹ ó ṣì bá ọjọ́ Cape Range.

Òjò ṣeé ṣe o. Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà wà lára oṣù tí òjò lè rọ̀ ní Exmouth, àwọn àfonífojì títì sì máa ń kún lójijì. Bí omi bá ń ṣàn kọjá lórí títì, ẹ dúró dè é. Wákàtí díẹ̀ ló sábà máa ń gbà. Títì ọ̀dà Cape Range parí sí Yardie Creek. Ẹ má gbìyànjú àtisọdá odò náà pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, bó ti wù kí ó dà bíi pé ó gbẹ tó.

Nínú omi, Turquoise Bay ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Apá gúúsù rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi awò ojú àti ọpá ìmí léfòó: ẹ rìn lọ sí gúúsù ní etíkun bíi 300 mítà, ẹ wọ omi, ẹ wẹ̀ jáde bíi 40 mítà, kí ìṣàn omi wá máa gbé yín padà sí àríwá lórí àwọn òkúta iyùn. Ó dùn ún wò. Àmọ́ ibi tí ìṣàn náà ń lọ ni ẹnu àlàfo kan láàárín àpáta, tó ń tú jáde sí òkun gbalasa. Ṣóńṣó iyanrìn tó yọ sínú omi ni àmì yín. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde kí ẹ tó kan án, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá kan án. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ dúró lórí iyanrìn, ẹ wo bí ewéko ojú omi ṣe ń yára lọ sí. Bó bá ń yára ju bí èèyàn ṣe ń rìn, tàbí ìgbì ń fọ́ gan-an lórí àpáta lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ lọ sí apá kejì ibẹ̀ tó dákẹ́. Ẹni tí kò mọ omi wẹ̀ dáadáa, Coral Bay ni tirẹ̀, kò ní láti jìnnà sí etíkun kó tó rí iyùn. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ibi nínú ọgbà náà, nítorí náà ẹ sọ ọjọ́ àbọ̀ yín fún ẹnì kan ní Exmouth. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù Telstra ló gbòòrò jù lójú ọ̀nà; nọ́ńbà pàjáwìrì ni 000.

Bí ẹ bá fẹ́ bá whale shark, ẹja òkun ràgàjì, wẹ̀, oṣù kẹta sí ìkeje ni àkókò rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi tó ní ìwé àṣẹ nìkan ló lè gbé yín lọ. Èèyàn mẹ́wàá péré ló lè wà nínú omi pẹ̀lú ẹja kan lẹ́ẹ̀kan, mítà 3 sí ara rẹ̀, 4 sí ìrù. Ẹ gbà á sí ìgbà tí ẹ bá wà ní Exmouth, kì í ṣe àárín ọjọ́ Cape Range.

Bí ẹ ṣe gún ọkọ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́ tún ń pinnu bí ẹ ṣe máa jẹun. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ àwọn bọ́ọ̀sì yìí wà lápá òsì. Bí ẹ bá kọjú ọkọ̀ sí gúúsù, imú ọkọ̀ á gba afẹ́fẹ́, ilẹ̀kùn á sì ṣí sí ìlà-oòrùn, níbi tí òjìji ọkọ̀ máa wà nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Iná ìdáná á dúró, bẹ́ẹ̀dì ò sì ní máa mì lóru. Àmọ́ ní Cape Range, àárọ̀ oṣù kẹfà lè mú afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn wá. Bí ó bá ń fẹ́ nígbà tí ẹ dé, ẹ yí ọkọ̀ padà. Ẹ má fi fèrèsé òrùlé sílẹ̀ ní ṣíṣí bí ẹ bá ń lọ sínú omi, afẹ́fẹ́ ń já a dànù, inṣọ́ránsì òrùlé sì ni mo ti sọ yẹn.

Oúnjẹ: ohunkóhun tí ẹ bá kó wọ Ọsirélíà, gààrí, ẹja gbígbẹ, ègúsí, ata gígún, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Èyí tí ẹ kọ, wọ́n lè gbà lọ́wọ́ yín. Èyí tí ẹ fi pamọ́ ló ní owó ìtanràn. Ẹ má gbé ẹ̀wà gbígbẹ dání. Agolo gáàsì 220 giráàmù kì í jó ju nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ lọ lórí iná ńlá, ìkòkò ẹ̀wà kan lè jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀wà inú agolo, ìrẹsì àti ata tí ẹ ti dín sílẹ̀ ní Exmouth, níbi tí omi àti iná ìlú wà, á gbé yín lọ.

Ní ọjọ́ ìdápadà, Geraldton sí Perth jẹ́ 420 kìlómítà. Ẹ béèrè aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, torí àwọn kan kì í gba ọkọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á sì ka ọjọ́ kan sí yín lọ́rùn. Ẹ da omi ìdọ̀tí nù ní Geraldton, kì í ṣe Perth. Ẹ kún epo ní ilé epo tó súnmọ́ wọn jù, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì ya fọ́tò géèjì epo, gíláàsì iwájú àti òrùlé kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́.